Kí ló dé tí SS kò tán lára wa?

Ìbéèrè: Ọmọ mi kẹta pé oṣù mẹ́fà, kò ṣàìsàn rí. Lóṣù keje, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán, bí a bá fọwọ́ kàn án, igbe ni. Àyẹ̀wò ní SS ni; AS lèmi àti bàbá rẹ̀. Ohun tí a bí mọ́ ọn, ibo ló sá pamọ́ sí látọjọ́ yìí?

Ìdáhùn: Kò tíì ráyè ni. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, himoglóbìn, kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ọmọ inú oyún ní tirẹ̀, S kò sì sí nínú ìyẹn rárá. (S ni irú himoglóbìn tó ní àbùkù: SS jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, AS jogún ẹyọ kan, AA kò ní i.) Lẹ́yìn ìbí, ó ń dín kù, ti àgbà ń rọ́pò rẹ̀. Tó bá fi máa di bí oṣù mẹ́fà, ti àgbà ló gbòde. Ìgbà yẹn ni S yọjú. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto, kó sì rọ̀, á gan, á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ló ń ro ọmọ yẹn. Hóró tó dára ń lo bí 120 ọjọ́. Ti SS kì í sábà ju 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi tó, tí ojú wọn sì ń pọ́n bíi ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Àwọn àgbà tó pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde kò purọ́.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni.

Ìdáhùn: Mi ò ní bá Màmá jà. Wọ́n rí i lóòótọ́ pé ilé kan náà ni ọmọ ti ń kú léraléra. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ yẹn. Ibà, èèyi àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn, SS náà sì pa tirẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọmọ ló ń padà wá, S tó wà lára bàbá àti ìyá ni.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló ń jẹ́ SS. AA ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì. Ṣé a ti rí tiwa gbà tán?

Ìdáhùn: Rárá o. Oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni fún èyí tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Tó bá ń pa ọmọ báyìí, kí ló dé tí kò tíì tán láti ayébáyé?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí mo ń retí nìyí. Ibà ló ń tọ́jú rẹ̀! Lọ́dún 1954, dókítà kan, Anthony Allison, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í rí àwọn ọmọ AS gbé ṣe bíi ti AA. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n o, ara wọn sì ń gbóná, ṣùgbọ́n kì í sábà di èyí tó ń gbé ọmọ lọ. Bí kòkòrò ibà bá wọ hóró ẹ̀jẹ̀ AS, hóró náà á tẹ̀, ara á sì gbá òun àti àlejò rẹ̀ dànù kí ìyẹn tó gbèrú. Bẹ́ẹ̀ ni AS ń dàgbà, tó ń bímọ, tó ń fi S jogún. Ní Áfíríkà, níbi tí ibà ti pọ̀ ni S ti pọ̀: ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Wọ́n kó o mọ́ ẹrú lọ sí Brasil, Cuba àti àwọn erékùṣù Caribbean. Ọmọ Grenada, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yẹn, ni aláìsàn tí dókítà James Herrick kọ̀wé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1910.

Ìbéèrè: Á jẹ́ pé ibà kò lè ṣe ọmọ mi?

Ìdáhùn: Háà! AS ni mo ń sọ. Ibà tètè ń pa SS ju ẹnikẹ́ni lọ. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó máa sùn. Oògùn ibà àti pẹnisílì tí dókítà bá kọ fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kó já. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù lóru náà.