Adé Kì í Jẹrà, Eyín Abẹ́ Rẹ̀ Ló Ń Jẹrà

Ní Àjàṣẹ́ níbí, níbi tí àwọn ìyá Alájà bá péjọ sí, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí eyín wúrà tó ń kọ mànà lẹ́nu ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti Mẹ́kà ṣe é bọ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Kútọnù tàbí láàárín ìlú níbí ni àwọn ọmọ wọn ti ń ṣe tiwọn báyìí: òmíràn jẹ́ irin, òmíràn jẹ́ irin tí wọ́n fi tánganran bò, òmíràn sì funfun látòkè délẹ̀. Ìbòrí ni, tí wọ́n ń dé mọ́ orí eyín ẹni gan-an. Couronne ni àwọn dókítà wa ń pè é, adé eyín ni èmi ó máa pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọjà Ouando àti ní Kétu: "Eyín tí wọ́n bá ti dé ládé, ó ti parí nìyẹn, kòkòrò ò lè jẹ ẹ́ mọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wa pàdánù eyín tí wọ́n ti náwó gọbọi lé lórí.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Wúrà kì í dípẹtà, tánganran kì í jẹrà, èèyàn sì lè rò pé ohun tó wà lábẹ́ wọn náà bọ́ nìyẹn. Èkejì ni aràn eyín. Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé aràn kan ló ń gbé inú eyín, tó ń lu ú. Bí dókítà bá wá fọ inú eyín mọ́, tó dí i, tó dé e ládé, a gbà pé ó ti pa aràn náà, ó sì ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n kò sí aràn níbẹ̀. Láti ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, dókítà eyín ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wá a títí, òun tiẹ̀ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, òun ò rí i. Àwọn kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, inú èérí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín wa lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì tú omi kíkan jáde, omi yìí ló ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Kò sí dókítà tó lè pa wọ́n tán lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí a bá fọ̀ wọ́n kúrò láàárọ̀, wọ́n á tún ti wà níbẹ̀ kó tó di alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe adé. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ kí ẹnu kú, á sì gbẹ́ eyín náà yí ká, nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2, títí tí yóò fi ku kùkùté. Á gba àwòrán rẹ̀ sára ohun rírọ̀ kan tó máa ń le lẹ́nu, á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ adé. Nígbà tí adé bá dé, á fi sìmẹ́ǹtì eyín lẹ̀ ẹ́ mọ́ kùkùté náà. Iṣẹ́ gidi ni o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ó ṣe é. Eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti yọ iṣan rẹ̀ máa ń tètè là sí méjì bí kò bá ní adé tó dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí adé parí sí: ìdí eyín, níbi tí ẹran bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, eyín yín gan-an ló kù. Bí ọjọ́ orí bá sì ń gòkè, ẹran á máa fà sẹ́yìn, gbòǹgbò á yọjú, gbòǹgbò kò sì ní èèpo líle tó wà lórí eyín. Ẹni tó bá kọ́lé alámọ̀ rí ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé páànù tuntun lórí ilé kò ní kí ọ̀gbàrá má jẹ ẹsẹ̀ ògiri.

Ohun tó mú kí ọ̀ràn yìí burú ni pé kì í dunni. Ọ̀pọ̀ eyín tí wọ́n ń dé ládé ni wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀, iṣan yìí ló sì ń ké sí wa tẹ́lẹ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Kulíkúlí ni àbúrò ìyá mi ń jẹ tí adé tirẹ̀ fi já bọ́. Ó fi aṣọ ìnujú wé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, adé ọ̀hún ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Kùkùté tó kù lẹ́nu rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn, ó sì rọ̀ débi pé dókítà ń fi irin kékeré ha á kúrò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sí ohun tí adé lè dì mú mọ́. Yíyọ ni wọ́n yọ gbòǹgbò náà. Gbogbo ohun tí ìyá mi kékeré ń sọ kò ju "Dókítà, kò dùn mí rí o, kò dùn mí rí."

Ti afárá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eyín kan bá ti kúrò, tí wọ́n fẹ́ fi afárá dí àyè rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ eyín tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì, wọ́n á dé méjèèjì ládé, eyín àtọwọ́dá á wà láàárín wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jẹ́ ẹyọ kan. Sìmẹ́ǹtì lè tú lápá kan kí apá kejì ṣì dì í mú. Afárá ò ní bọ́, ẹni tó ni ín ò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni itọ́ àti oúnjẹ á máa wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń tọ́ nǹkan burúkú wò níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá gé oúnjẹ jẹ, tàbí tí ó ń mì díẹ̀, ẹ tètè lọ. Bí eyín kan nínú méjèèjì bá jẹrà, eyín mẹ́ta ló lọ.

Nítorí náà, etí adé ni kí ẹ máa fọ̀ jù. Ẹ dagun búrọ́ọ̀ṣì sí ibi tí adé ti pàdé ẹran, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín. Mi ò ní kí ẹ ju orín nù, ẹ kàn rún un kó rọ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n orín ò lè wọ àárín eyín, kò sì lè wọ abẹ́ afárá. Òwú eyín ló ń ṣe ìyẹn, tàbí búrọ́ọ̀ṣì tín-tín tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Bí òwú bá ń rùn nígbà tí ẹ bá fà á jáde, tàbí tó ń há létí adé kan ṣáá, ẹ fi han dókítà. Ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò bí ẹnu ò tiẹ̀ dùn yín, ẹ má sì gbára lé fọ́tò X-ray nìkan, nítorí irin adé lè bo ìbàjẹ́ abẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni dókítà máa ń fi tọ etí adé wò. Adé tí wọ́n bá tọ́jú báyìí máa ń lo ọdún 10 sí 15, ti ẹlòmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí adé bá já bọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wé e, ẹ gbé e lọ bá dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sún wá, adé náà ò sì ní wọlé mọ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ ẹ́ padà: ó ń jó ẹran ẹnu, ó sì ń sé èérí mọ́ abẹ́ adé. Bí kùkùté bá ṣì le, sìmẹ́ǹtì tuntun nìkan lè tó.