Kí ló dé tó fi jẹ́ àlùfáà ló ń wo ẹ̀tẹ̀, tí kì í ṣe oníṣègùn?

Téèyàn bá ka Léfítíkù 13 àti 14 nínú Bíbélì látòkè délẹ̀, kò ní rí oògùn kankan níbẹ̀, kò sí àgbo, kò sí ìpara, ṣe ni àlùfáà kàn ń wò. Ẹni tí ara ẹ̀ bá wú tàbí tí ojú àpá funfun yọ sí lára, wọ́n á mú un lọ bá àlùfáà, yẹn á wò ó bóyá irun ojú ibẹ̀ ti funfun àti bóyá kiní náà ti jìn wọnú ju awọ lọ, tí méjèèjì bá pé, ó ti di aláìmọ́ nìyẹn. Tí ò bá dá a lójú, wọ́n á sé ẹni náà mọ́ ibì kan fún ọjọ́ 7, ó tún lè di ọjọ́ 7 mìíràn.

Ẹ̀tẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá pè é, àmọ́ kì í ṣe èyí tó máa ń jẹ èèyàn níka táwọn dókítà mọ̀ lónìí, torí èyí ń mú aṣọ, ó ń mú awọ, ó tiẹ̀ ń mú ògiri ilé, bí ìgbà tí nǹkan bá bu. Tó bá sì bo èèyàn látorí dé ẹsẹ̀, tí gbogbo ara funfun báláú, àlùfáà á ní ó mọ́! Ti ilé ló tún wá hàn kedere jù: kí àlùfáà tó wọlé wá wò ó, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù jáde, kí nǹkan inú ẹ̀ má bàa di aláìmọ́. Ohun tó ń ràn bí àìsàn ò ní dúró de ẹnu àlùfáà kó tó ràn.

Ọ̀rọ̀ ikú ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní aláìmọ́ á fa aṣọ ya, á tú irun orí sílẹ̀, á bo ètè òkè, á máa ké "Aláìmọ́! Aláìmọ́!", ẹ̀yìn ibùdó, ìyẹn ibi táwọn ọmọ Ísírẹ́lì pàgọ́ sí, lá sì máa gbé. Aṣọ yíya àti ètè bíbò yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn o, ara ẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ mú Míríámù, ẹ̀gbọ́n Mósè, ohun tí Áárónì bẹ Mósè ni pé kó má jẹ́ kó dà bí òkú. Àgọ́ Ọlọ́run sì wà láàárín ibùdó, ohun tó bá jọ ikú ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí àìmọ́ ò fi jẹ́ nǹkan kan náà pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sin bàbá ẹ̀ pàápàá á jẹ́ aláìmọ́ fún ọjọ́ 7. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á fún Míríámù àti Géhásì ìránṣẹ́ Èlíṣà, àmọ́ nínú Léfítíkù 13, àlùfáà ò bi ẹnikẹ́ni pé kí lo ṣe.

Tára bá wá yá, àlùfáà fúnra ẹ̀ ló máa jáde lọ bá a lẹ́yìn ibùdó. Wọ́n á pa ẹyẹ kan sórí omi ààyè, ìyẹn omi tó ń ṣàn, nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á ri ẹyẹ kejì láàyè bọnú ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú igi kédárì, òwú pupa àti ewéko hísópù, wọ́n á wọ́n ọn sí ẹni náà lára lẹ́ẹ̀ 7, wọ́n á sì tú ẹyẹ kejì yẹn sílẹ̀ kó fò lọ sí pápá. Ó máa fá gbogbo irun, tó bá di ọjọ́ keje á tún fá a, títí kan irun ojú, kó rí bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn kan etí ọ̀tún ẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún àti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibi tí Mósè fi ẹ̀jẹ̀ kàn lára Áárónì gan-an lọ́jọ́ tó fi í jẹ àlùfáà! Tálákà ò ní láti mú ọ̀dọ́ àgùntàn 3 wá, 1 tó, pẹ̀lú àdàbà 2, àmọ́ etí kan náà ni wọ́n ń kàn, ìyókù òróró tí àlùfáà bù sọ́wọ́ láti fi kan ibi mẹ́ta yẹn sì máa lọ sórí tòun náà.