Kí ló dé tí eré kan tó bàjẹ́ fi máa ń ba èyí tó kàn jẹ́ nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 13, ara ẹ̀ máa ń yá gágá ní tíréènìn, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣe ìkẹyìn nínú eré àárọ̀ báyìí, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, á kàn fi tówẹ̀ẹ̀lì borí jókòó. Kí ló ń fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé mà. Kì í ṣe pé agbára ẹ̀ ti tán o, ọkàn ẹ̀ ló ṣì wà nínú eré àárọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà lórí pèpéle eré ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá wá ní kó gbàgbé ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ni tó ń lo oògùn má rántí ọ̀bọ ni, ọ̀bọ yẹn náà ló máa máa rí. Nǹkan míì ni kẹ́ ẹ fi sí i lọ́kàn. Ẹ wo Katie Ledecky ti Amẹ́ríkà ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ipò karùn-ún ló ṣe nínú 200 mítà, kò ju bíi wákàtí kan lọ tó tún fi bọ́ sómi fún 1500 mítà, ó sì gba góòlù. Ó ní nígbà tóun ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ láàárín eré méjèèjì, bóun ṣe ń na apá kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà òun lòun ń rò. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Kí wá ni ọmọdé máa gbà sọ́kàn?

Ìdáhùn: Kó máa ka iye ìgbà tó ń na apá. Ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, omi kún inú awò tí Michael Phelps, òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú 200 mítà bọ́tàfláì (ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń na apá méjèèjì síwájú pọ̀), nígbà tó fi máa dé 50 mítà tó kẹ́yìn kò ríran mọ́, ló bá kàn ń ka iye ìgbà tó na apá, torí ó ti mọ iye tó máa gbé e dé ògiri. 1:52.03 ló fi parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Kí ọmọ yín máa ka tiẹ̀ ní tíréènìn, ògiri sí ògiri, títí á fi mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń ka mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, kò ráyè máa wo ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá wá jáde nínú omi, kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ díẹ̀ kí èémí ẹ̀ padà sípò. Mo bẹ̀ yín mà, ẹ má bi í ní "kí ló ṣẹlẹ̀?" nínú mọ́tò, ẹ fún un lóúnjẹ. Tó bá di alẹ́, kó kọ ohun kan péré tó fẹ́ tún ṣe sínú ìwé, bóyá bó ṣe ń yí padà lára ògiri ni, kó fi han kóòṣì ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.