E-cadherin: Bí Wọ́n Ṣe Rí Ohun Tó Ń So Sẹ́ẹ̀lì Ikùn Pọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ E-cadherin, purotéènì tó ń so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, ni Pekka Laurén, onímọ̀ ará Finland, ti pín jẹjẹrẹ ikùn sí oríṣi méjì lọ́dún 1965. Nínú oríṣi kan, sẹ́ẹ̀lì ṣì ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń tò bíi ti ìfun. Nínú èkejì, wọ́n ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan wọnú ògiri ikùn, láìkó jọ di kókó. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere nínú máíkírósíkóòpù, ohun tó ń fà á ni kò hàn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ lórí ikùn rárá ni ìdáhùn ti wá. Nígbà tí Masatoshi Takeichi ń ṣèwádìí ní Kyoto, sẹ́ẹ̀lì tó fi trypsin (ensáìmù tó ń gé purotéènì) tú ká tètè ń padà so pọ̀. Ní yàrá ìwádìí tó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń tú wọn ló yàtọ̀: ti Amẹ́ríkà ní EDTA nínú, EDTA sì máa ń gba kálísíọ́ọ̀mù mọ́ sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Bí kálísíọ́ọ̀mù bá wà, purotéènì ìsopọ̀ á le, trypsin kò ní rí i gé. Bí kò bá sí, yóò gé e dànù. Lọ́dún 1977 ni Takeichi tẹ èyí jáde, nígbà tó sì di 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ purotéènì náà ní cadherin; ọ̀kan lára irú rẹ̀ ni E-cadherin. Àwọn tó ń bá François Jacob ṣiṣẹ́ ní Paris náà ti rí i lára ọlẹ̀ eku, uvomorulin ni wọ́n ń pè é.

Apá márùn-ún ni E-cadherin nà síta láti di ti sẹ́ẹ̀lì kejì mú. Ìparí rẹ̀ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì so mọ́ beta-catenin, purotéènì mìíràn. Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí ní Jámánì rí i pé jíìnì rẹ̀, CDH1, ti bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ oríṣi kejì ti Laurén gan-an. Lọ́dún 1998, Parry Guilford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand fi hàn pé ìdílé Māori kan (ọmọ onílẹ̀ New Zealand), tí jẹjẹrẹ ikùn ti ń pa látìran dé ìran, ń jogún ìbàjẹ́ yẹn. Nínú ẹ̀dà méjì tí èèyàn ní nínú jíìnì náà, ẹ̀dà kan péré lẹni náà ń jogún níbàjẹ́. Ìgbà tí èkejì bá dákẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí methylation (àmì kẹ́míkà tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́), ni sẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Abẹ́ awọ inú ikùn tó ṣì dán ni wọ́n máa ń fara pa mọ́ sí, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ikùn kì í fi í sábà rí wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gba ọ̀pọ̀ ẹni tó jogún rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yọ gbogbo ikùn kí àìsàn tó dé.

Lónìí, láti mọ̀ bóyá E-cadherin ṣì wà nínú jẹjẹrẹ, ẹran ara tí wọ́n rẹ sínú formalin (omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó jẹrà) ni wọ́n ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí nǹkan bíi máíkírómítà 3 sí 4. Wọ́n á fi ooru tú ohun tí formalin ti dì, wọ́n á fi antibọ́dì tó ń lẹ̀ mọ́ E-cadherin sí i, etí sẹ́ẹ̀lì tó ní E-cadherin á sì pọ́n bíi kọfí. Ẹ kọ́kọ́ wo sẹ́ẹ̀lì ikùn tó dá ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí kò bá gba àwọ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ẹ má kà á. Àwọ̀ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì nìkan, tí kò sí létí, kì í ṣe E-cadherin tó ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kà á sí pé ó wà. Bákan náà, ìyípadà lẹ́tà kan nínú CDH1 lè fi purotéènì sílẹ̀ létí sẹ́ẹ̀lì tí yóò gba àwọ̀ dáadáa, síbẹ̀ tí kò lè di nǹkan kan mú. Àyẹ̀wò jíìnì nìkan ló ń tú irú ìyẹn fó.