Ádápítọ̀ kátíríjì géèmù

Ádápítọ̀ kátíríjì géèmù ni nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń ki bọ ihò kọ́ńsóòlù (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù), tí wọ́n á wá ki kátíríjì (ike tí géèmù wà nínú ẹ̀) tí kì í ṣe ti kọ́ńsóòlù yẹn bọ orí ẹ̀, kí géèmù àtijọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn ẹ̀. Téèyàn bá wò wọ́n lóde, ike lásán tó ní pínnì lókè nílẹ̀ ni gbogbo wọn jọ, àmọ́ inú wọn ò jọra rárá. Òmíì ò ní ju wáyà lọ, òmíì gbé odidi kọ́ńsóòlù mì, òmíì sì wà tó jẹ́ pé ṣe ló kàn ń da ohun tó wà nínú kátíríjì kọ, tí softwéà á wá ṣe ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí géèmù kan fi ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí ò ṣiṣẹ́ níbòmíì, ibi tí ọpọlọ, ìyẹn ṣíípù tó ń gbé géèmù náà rìn, wà ni kó wò: ṣé inú kọ́ńsóòlù ni, àbí inú ádápítọ̀, àbí kò tiẹ̀ sí níbì kankan.

Ìdí tí ẹnu wọn ò fi bára mu

Kátíríjì ò dà bíi CD tí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà. Pátákó iná kékeré ni, orí ẹ̀ ni mẹ́mórì tí géèmù wà nínú ẹ̀ wà, tó bá sì ti wọlé, pínnì ẹ̀ ti di ara wáyà kọ́ńsóòlù náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to pínnì tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Kódà ilé iṣẹ́ kan náà lè yí tiẹ̀ padà. Famicom, kọ́ńsóòlù tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, ń lo pínnì 60. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ Amẹ́ríkà ní 1985 tí wọ́n sọ ọ́ ní NES, pínnì ti di 72, wọ́n sì ti fi ṣíípù kan tó ń ṣe bí ọlọ́dẹ sí i, ìkan nínú kọ́ńsóòlù, ìkan nínú kátíríjì, tí àwọn méjèèjì ò bá ti gbọ́ra wọn yé, kọ́ńsóòlù á kàn máa tàn, á máa kú, á tún máa tàn. Ọpọlọ kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń lò o, kìkì ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀.

Nintendo fúnra ẹ̀ ti lo ádápítọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá tú òmíì nínú àwọn kátíríjì Gyromite ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, pátákó Famicom ni wọ́n á bá nínú ẹ̀, tí ádápítọ̀ 60 sí 72 wà nídìí ẹ̀, pẹ̀lú ṣíípù ọlọ́dẹ lára, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn kan máa ń ra géèmù yẹn torí kí wọ́n lè tú u. NES tí wọ́n ń ki kátíríjì bọ̀ láti òkè, tó jáde ní 1993, ò ní ọlọ́dẹ yẹn mọ́, ádápítọ̀ onípínnì lásán ti tó fún un. Àwọn TV géèmù ayédèrú láti Éṣíà tó wọ Nàìjíríà láyé 1990, Famicom ni púpọ̀ nínú wọn ń wò kọ, kátíríjì pínnì 60 ni wọ́n sì ń lò, torí náà kátíríjì wọn ò lè wọ NES gidi láìsí ádápítọ̀.

Pé ẹnu bára mu ò ní kí gbogbo nǹkan pé ṣá o. Famicom máa ń gba ohùn kọjá inú kátíríjì, èyí tó fún àwọn tó ń ṣe géèmù láyè láti fi ohùn tiwọn kún un. Ilé iṣẹ́ Konami ṣe bẹ́ẹ̀ nínú géèmù wọn, Akumajō Densetsu, ní 1989, ṣíípù VRC6 tí wọ́n gbé sí kátíríjì yẹn fi ohùn mẹ́ta kún èyí tí kọ́ńsóòlù ní. NES ò ní ọ̀nà yẹn, nítorí náà tí wọ́n bá fi ádápítọ̀ lásán gbá a lórí NES, géèmù á ṣiṣẹ́ dáadáa, orin ẹ̀ á kàn gbẹ, àfi tí wọ́n bá so wáyà kan mọ́ inú kọ́ńsóòlù.

Super Famicom tó dé lẹ́yìn Famicom, àti SNES, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, wá rọrùn débi tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Pínnì ò yàtọ̀, ike méjì kékeré tó yọ nínú ihò SNES ló ń dí kátíríjì Japan lọ́wọ́. Ẹ̀mú lásán làwọn kan fi ń fà á tu.

Èyí tí ọpọlọ wà nínú kọ́ńsóòlù

Sega, ilé iṣẹ́ tó ń bá Nintendo du ọjà, ló jẹ àǹfààní eléyìí jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Mega Drive, tí wọ́n ń pè ní Genesis ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi Z80, ìyẹn ọpọlọ Master System, kọ́ńsóòlù wọn tó ṣáájú ẹ̀, sínú ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún un ni kó máa bójú tó ohùn. Ṣíípù tó ń ya àwòrán náà ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán Master System. Torí náà Power Base Converter tí wọ́n tà fún un, bó ṣe tóbi tó yẹn, kò ní ọpọlọ kankan nínú, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó to pínnì, kó sì fi pínnì kan sọ fún Mega Drive pé kó padà sí ayé àtijọ́. Bọ́tìnnì Pause wà lórí ẹ̀, torí ara kọ́ńsóòlù ni Pause Master System máa ń wà, Mega Drive ò sì ní irú ẹ̀.

Níbi tí ọgbọ́n yìí pin sí ni F-16 Fighting Falcon. Géèmù yẹn ń lo ọ̀nà ìyàwòrán kan tó ti dàgbà ju Master System fúnra ẹ̀ lọ, Mega Drive ò sì gbé ìyẹn dání, ni ò ṣe ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Majesco wá ṣe Genesis 3 ní 1998 láti fi tà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n yọ apá Master System dànù pátápátá, Power Base Converter ò wúlò níbẹ̀.

Game Gear tí Sega ṣe náà, Master System alágbèéká ni ká kúkú pè é, ìdí nìyẹn tí Master Gear Converter fi jẹ́ pínnì lásán. Wàhálà ibẹ̀ ni ojú síkírìnì: àwòrán tí wọ́n yà fún síkírìnì tó ní àmì kéékèèké 256 ní 192 ni wọ́n ń há mọ́ 160 ní 144, téèyàn bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ inú géèmù, kó múra láti fún ojú pọ̀. Ká wá gbé kátíríjì Game Gear lọ sórí Master System ni ò rọrùn, torí Game Gear ń ṣàyàn àwọ̀ láti inú 4,096, Master System ò ní ju 64 lọ.

Èyí tó gbé kọ́ńsóòlù dání

Tí kọ́ńsóòlù tuntun ò bá jọ ti àtijọ́ rárá, ohun tó kù ni kí wọ́n gbé ti àtijọ́ sínú ádápítọ̀. Ilé iṣẹ́ Coleco ṣe é fún kọ́ńsóòlù wọn, ColecoVision, ní 1982. Ohun tí wọ́n pè ní Expansion Module 1, odidi Atari 2600, kọ́ńsóòlù ilé iṣẹ́ Atari, ló wà nínú ẹ̀, ihò pàádì (ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù) tiẹ̀ wà lára ẹ̀, iná àti ọ̀nà dé tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń tọrọ. Atari gbé wọn lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí pé Coleco á máa san owó fún Atari. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Atari fúnra ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ fún Atari 5200 tiwọn.

Super Game Boy tó jáde ní 1994 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú ìdílé yìí. SNES ni wọ́n ń kì í sí, kátíríjì Game Boy, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Nintendo, á wọ orí ẹ̀, ọpọlọ Game Boy sì wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ SNES ò ju kó gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n, kó fi àwọ̀ àti férémù sí i, kó sì gbọ́ tẹnu pàádì. Ọpọlọ yẹn ò ní aago tiẹ̀, aago SNES ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn ló jẹ́ kí géèmù máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi 2.4%. Etí olórin máa ń gbọ́ ọ. Super Game Boy 2 tó jáde ní Japan nìkan ní 1998 ló tún un ṣe. Ní 2003, Game Boy Player ṣe ohun kan náà fún Game Boy Advance, alágbèéká tó dé lẹ́yìn Game Boy, lórí GameCube, kọ́ńsóòlù Nintendo ìgbà yẹn, àmọ́ tí dísíìkì tó bá a wá bá ti sọnù, ike lásán ló kù.

Àwọn kọ́ńsóòlù òde òní

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe kọ́ńsóòlù tuntun fún géèmù àtijọ́ ń gbà. Àwọn kan ń da kátíríjì kọ sínú mẹ́mórì, wọ́n á wá fi emulator, softwéà tó ń ṣe bíi kọ́ńsóòlù àtijọ́, gbá a. Kì í ṣe àrà tuntun, Transfer Pak, ohun tí wọ́n ń ki kátíríjì Game Boy bọ̀ lára pàádì Nintendo 64, ti ń jẹ́ kí Pokémon Stadium gbé Pokémon Game Boy sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́nà yìí. RetroN 5 tó jáde ní 2014 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ádápítọ̀ Master System àti Game Gear tí wọ́n ń tà fún un kò sì ní ju kó ran kíkà lọ́wọ́. Atari 2600+ ti 2023 náà ń dà kọ. Àléébù ibẹ̀ ni pé softwéà gbọ́dọ̀ mọ irú kátíríjì tó ń kà: Atari 2600 ò lè rí ju 4KB lọ lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù tó bá ti tóbi ju ìyẹn ń ṣí ojú ewé lọ́nà tiẹ̀, tí ẹ̀rọ ò bá sì mọ ọ̀nà yẹn, ẹ̀dà tó kọ ò ní pé.

Ọ̀nà kejì ni FPGA, ṣíípù tí wọ́n lè tún inú ẹ̀ tò kó máa hùwà bíi ṣíípù mìíràn. Ilé iṣẹ́ Analogue ló gbajúmọ̀ níbi eléyìí. Mega Sg wọn ti 2019, tí wọ́n ṣe fún géèmù Mega Drive, gbé ádápítọ̀ Master System wá nínú páálí. Pocket, ẹ̀rọ alágbèéká wọn tó jáde ní December 2021, ń gba kátíríjì Game Boy títí dé Advance tààrà, ti Game Gear ní ádápítọ̀, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ẹ̀rọ géèmù mìíràn, Lynx, Neo Geo Pocket àti TurboGrafx-16, tẹ̀ lé e. Síkírìnì ẹ̀ jẹ́ 1600 ní 1440, ìlọ́po mẹ́wàá gééré ti Game Boy ní ìbú àti òró, ti Game Gear náà sì bọ́ sí i rẹ́gí torí iye kan náà ni. Ádápítọ̀ wá padà di pínnì bíi ti Power Base Converter, kátíríjì gidi ni ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀ bí géèmù ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí ṣíípù àrà ọ̀tọ̀ inú kátíríjì fi lè ṣiṣẹ́ ara ẹ̀.

Iná àti ìdọ̀tí

Kátíríjì Game Boy ń mu volt 5, ti Advance ń mu 3.3. Lára Game Boy Advance, súwíìṣì kékeré kan wà nínú ihò tí ara kátíríjì àtijọ́ máa ń tẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ iye iná tó máa fún un. Ádápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ò ka irú nǹkan báyìí sí lè ba kátíríjì jẹ́.

Fífẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí pínnì, tí gbogbo wa ṣe, kì í nù ún, omi ẹnu ló ń dà sí i tó sì ń jẹ ẹ́. Òwú àti spírítì ló dáa, kó sì gbẹ kí wọ́n tó kì í bọ ádápítọ̀, nítorí ìdọ̀tí tó bá wà lórí pínnì kátíríjì á lẹ̀ mọ́ ti ádápítọ̀ náà.