Ilé-ìwé Mùsùlùmí fún ọmọbìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí ló dé tí òfin gbà á, àmọ́ tó kọ kí wọ́n ya ọkùnrin àtobìnrin sọ́tọ̀ nínú ilé-ìwé kan náà?

Ṣé ilé-kéwú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ilé-kéwú tí àwa mọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀, wà níbẹ̀ náà, inú mọ́sálásí ló sì sábà máa ń wà. Ilé-ìwé girama gidi ni èyí tí mò ń sọ: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìdánwò àṣejáde tí wọ́n ń pè ní GCSE ní ọmọ ọdún 16. Wọ́n kàn ń kírun níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ẹ̀sìn, ìbòrí kì í sì í dá ìjà sílẹ̀. (Ní Èkó, ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó parí ìjà ìbòrí.)

Ta ló ń sanwó?

Òbí ló ń san tàwọn kan. Ìjọba ló ń san tàwọn mìíràn, ibẹ̀ lẹnu sì máa ń ya èèyàn. Àmọ́ òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ti fàyè gba ilé-ìwé àwọn ìjọ Kristẹni láti máa jẹun nínú àpò ìjọba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì jẹ́. Àwọn Mùsùlùmí ní kí wọ́n bu tiwọn. Ní 1998, Islamia, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí olórin Yusuf Islam dá sílẹ̀ ní London, rí owó náà gbà. Ní 2001 ó kan Feversham College ní Bradford, girama àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, kò ní ṣe hàà.

Ṣé wọ́n ń kàwé níbẹ̀ ṣá?

Ní 2017, Tauheedul Islam Girls' High School ní Blackburn ló ṣe ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú òṣùwọ̀n Progress 8. Òṣùwọ̀n náà kò béèrè ẹni tó mọ̀wé jù. Ó ń wo ibi tí ọmọ wà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 àti ibi tí ilé-ìwé gbé e dé nígbà tó di ọmọ ọdún 16.

Bí ilé-ìwé ọmọbìnrin nìkan bá bófin mu, kí ló dé tí ilé-ìwé Mùsùlùmí kan, Al-Hijrah, fi jẹ̀bi ní kóòtù?

Ìbéèrè tó rú èmi náà lójú nìyí. Tọkùnrin tobìnrin ló ń lọ sí Al-Hijrah ní Birmingham nígbà náà. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún 9, wọ́n á ya wọ́n sọ́tọ̀: kíláàsì, àkókò ìsinmi, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn láàárín ilé, títí dórí ìrìn-àjò afẹ́. Àwọn Ofsted, tó ń yẹ ilé-ìwé wò, ní èyí kò dáa. Ilé-ìwé pẹjọ́. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga dá wọn láre ní 2016: bí wọ́n ṣe ṣe ọkùnrin ni wọ́n ṣe obìnrin, ta ni wọ́n wá rẹ́ jẹ?

Ní Oṣù Kẹwàá 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a nù. Wọ́n ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ni òfin ń wò, kì í ṣe agbo. Ọmọbìnrin tó fẹ́ bá ọmọkùnrin ṣeré, tí wọ́n dá dúró torí pé obìnrin ni, ti pàdánù nǹkan. Pé ọmọkùnrin náà pàdánù tirẹ̀ kò dá ti obìnrin padà. Ìyà tí wọ́n pín dọ́gba, ìyà náà ni.

Ilé-ìwé ọmọbìnrin nìkan ńkọ́? Òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 dìídì yọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbà kó kọ ọmọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Kò yọ ilé-ìwé tó gba méjèèjì wọlé tán, tó wá lọ mọ ògiri sáàárín wọn. Ká ní ilé-ìwé méjì ni Al-Hijrah lábẹ́ òfin ni, ẹjọ́ yìí ì bá má wáyé. Lójú tèmi, ìlà náà tín-ín-rín gan-an, ṣùgbọ́n mo rí i.

Ọmọ mi máa parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Fún èyí tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, káńsù àdúgbò yín lẹ ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí, ó pẹ́ tán 31 Oṣù Kẹwàá tó ṣáájú Oṣù Kẹsàn-án tí yóò wọlé. Ilé-ìwé náà lè ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó lè gba pé kí ìmáàmù fọwọ́ sí i. Ẹ tètè rí ìmáàmù.