Pínpín ohun èlò iṣẹ́ àti gbígbà á padà

Pínpín ohun èlò iṣẹ́ ni bí ọ̀gá iléeṣẹ́ ṣe ń pinnu ẹni tí yóò lo ọkọ̀, ilé, kọ̀ǹpútà tàbí yàrá iṣẹ́, àti ìgbà tí wọn yóò gbà á padà.

Ní 1975, Morton Deutsch, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ka ìwọ̀n mẹ́ta tí èèyàn lè fi pín nǹkan: bí iṣẹ́ ẹni ṣe tó, ìpín dọ́gbadọ́gba, àti àìní. Nílé ìwòsàn n'Ìbàdàn, bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé gbogbo ilé, yàrá iṣẹ́ abẹ àti fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń ṣáájú: àìní nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá ló ń ṣáájú, èyí tí kò bá ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣèpinnu tún ṣe pàtàkì. Gerald Leventhal, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá bákan náà, ka nǹkan mẹ́fà tó ń mú kí ìpinnu tọ́ sílẹ̀ ní 1980: kí òfin kan náà mú gbogbo èèyàn, kí ojúsàájú má sí, kí ìròyìn tí wọ́n lò péye, kí àyè wà láti yí ìpinnu padà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tọ́rọ̀ kàn, kí ó sì bá ìwà ọmọlúàbí mu.

Gbígbà padà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí wọ́n bá gé owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà: nínú ìwádìí tí onímọ̀ kan, Jerald Greenberg, gbé jáde ní 1990, iléeṣẹ́ kan gé owó oṣù ìdá 15 nínú 100 fún ọ̀sẹ̀ 10 ní ẹ̀ka méjì. Olè jíjà pọ̀ sí i ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ó kéré níbi tí wọ́n ti fara balẹ̀ ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀pọ̀ àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́, bíi ilé àti ọkọ̀, di owó ní 2003, wọ́n sì fún òṣìṣẹ́ láyè láti ra ọkọ̀ ìjọba tó ń lò. Ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ n'Ìbàdàn, tí sẹkitéríàtì wọn wà ní Ìkólàbà.

Fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, fọ́ọ̀mù kílíárànsì, tó ń fi hàn pé ó ti dá ohun iléeṣẹ́ padà, ló wà: ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ á yẹ ìwé rẹ̀ wò, á wo nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpútà, kó tó buwọ́ lù ú. Ohun tí kò sí nínú ìwé ló ṣòro gbà: àyè ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ igi, tàbí dẹ́rẹ́bà iléeṣẹ́ tó ń gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé. Kò sẹ́ni tó buwọ́ lù wọ́n, nítorí náà ẹni tó ń lò wọ́n ti kà wọ́n sí ẹ̀tọ́ rẹ̀.